Mítà Tó Ní Kò Síná

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì la mítà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dán iná wò lára wáyà, mọ́ orí káńtà débi pé gíláàsì rẹ̀ dún. Ó ga, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ya léjìká, báńdéèjì sì wé ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wò ó. Inú tirẹ̀ náà kọ́kọ́ bí i, pé kí ló dé tí ẹni tí inú ń bí tó báyìí fi rẹwà tó báyìí.

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Bàbá mi ni. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ má kí mi káàbọ̀! Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ò kú."

Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, tòun ti èyí tó ń mú ilé gbóná. Orí òrùlé ilé alájà kan ló wà nígbà tó fi mítà yẹ́lò tó rà ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan wáyà. Mítà ní kò síná. Ó di wáyà mú, iná sì gbé e jù sẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ sí títì.

Bàbá yọjú láti yàrá ẹ̀yìn. Dípò kó bá a kẹ́dùn, ó ní ẹni tí kò mọṣẹ́ ni iná ń gbé.

"Apààyàn ni yín!" ni ọkùnrin náà pariwo níwájú àwọn oníbàárà. Bàbá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó padà wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ń bá a jà lórí mítà yẹ́lò yẹn. Ọjà pọ́ọ́kú ni, ó ń yá lórí àtẹ, Bàbá ò sì fẹ́ gbọ́. Inú ń bí i sí bàbá rẹ̀, inú sì tún ń bí i sí ọkùnrin yìí.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ẹ tó fi kan wáyà, ṣé ẹ dán an wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà?"

"Mo dán an wò. Ó ṣiṣẹ́."

"Nígbà tó wá ní kò síná ńkọ́? Ṣé ẹ padà lọ dán an wò lára iná yẹn, kí ẹ mọ̀ bóyá mítà fúnra rẹ̀ ló kú?"

Kò padà lọ dán an wò. Gbogbo oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Oòrùn ló pa á lọ́jọ́ náà, ó sì fẹ́ tètè sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá mi jẹ̀bi, ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Ó yá, ẹ wá wo ojúlówó."

Ọmọbìnrin náà tú ẹ̀yìn mítà yẹ́lò náà. Fíùsì inú rẹ̀ rí tín-ín-rín, ìfọwọ́kàn kan ló sì tú okùn rẹ̀ kúrò. Ó wá gbé òmíràn jáde láti inú àpótí gíláàsì. Fíùsì tibẹ̀ nípọn, rọ́bà okùn rẹ̀ le, ó sì ní ẹnu tó ń há wáyà láti wọn iná tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń fà láì tú nǹkan kan.

"Ó ń wọn kápásítọ̀ tó ń jí ẹ̀rọ, ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó. Nọ́ńbà tó wà níbi tí okùn ti wọlé yìí ni agbára iná tó lè gbà. Wọ́n kọ tiẹ̀ sára yẹ́lò náà, irọ́ ni! Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ síta gbọ́, ẹ tú u wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ilé tutù," ni ọmọbìnrin náà wí, "ta ni yóò wá mú ẹ̀yin tutù?"

"Bí ẹ bá ráyè, mo lè dúró."

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti kúrò níbẹ̀. Bátìrì ló fẹ́ rà lónìí, okùn mítà ló fẹ́ rà lọ́la. Ọmọbìnrin náà ń pè é ní Amúlétutù, òun náà ń pè é ní Tú-u-wò. Wọn ì í jókòó pọ̀ láì jiyàn, ọjọ́ tí wọn ò bá sì jiyàn, oorun kì í kun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nígbà tó yá, Amúlétutù ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Bàbá yarí. "Ẹni tó pè mí ní apààyàn? Àfi tó bá padà wá síwájú oníbàárà, kó ní mítà mi ò lẹ́bi. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ kó mítà yẹn kúrò lórí pẹpẹ!"

"Ṣọ́ọ̀bù ta ni?"

Ọmọbìnrin náà fi ìbínú sùn, ó fi ìbínú jí. Amúlétutù ní tirẹ̀ rò ó títí, ó rí i pé òun ò lè pàdánù rẹ̀. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kún, ó wọṣọ mímọ́ wá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá tó ń pààrọ̀ súìṣì tó jó lára ògiri, tí wáyà rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ má bínú, sà. Mítà yín ò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo..."

"Panu mọ́!"

Ọmọbìnrin náà ló ké. Ó já mítà yẹ́lò tuntun kan kúrò lórí pẹpẹ, ó fa ọ̀rá rẹ̀ ya, ó sì nà án sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi èyí dán wáyà tó wà níwájú yín yẹn wò. Bó bá ní kò síná, ẹ dì í mú."

Bàbá wo mítà, ó wo wáyà, kò sì na ọwọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Oníbàárà kan tó ti mú mítà yẹ́lò dání rọra gbé e sílẹ̀. Bàbá wá ibì kan jókòó.

"Kó gbogbo wọn kúrò," ó wí jẹ́jẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí Amúlétutù. "Dìde, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ò tíì bínú tán. Ó yíjú sí Amúlétutù.

"Ìwọ náà! O fẹ́ purọ́ kí iná lè gbé ẹlòmíì?"

"Kí n lè fẹ́ ọ ni."

"Èmi wo? Èmi tí mi ò ní lè gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ mọ́?"

"Mo ṣìṣe, olólùfẹ́ mi. Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè rọra!" Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "O rò pé ìbínú ni? Ẹ̀rù ló ń bà mí! Bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já. Mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé o ti kú sórí òrùlé kan ni."

Ọkùnrin náà ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó gbá a mọ́ra níwájú bàbá rẹ̀ àti gbogbo oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun.

"Máa pariwo," ó sọ sí i létí. "Ní ilé wa, máa pariwo. Mi ò ní tún sọ pé kí o rọra."

"Ilé wa wo?" ni ọmọbìnrin náà béèrè, ó ṣì ń sunkún.

"Èyí tí mo fẹ́ bá ọ gbé."

"Kí lo wá ń dúró dè?" ó ní, ó sì dì í mú gírígírí.