Ẹ̀rọ Bàbá Candido

Orí ẹ̀rọ ni Màríà jókòó sí, tó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, tó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Yaqub kọ́kọ́ fojú kàn án. Aṣọ rẹ̀ pupa bí ata, ojú rẹ̀ ò sì mọ ìtìjú kankan.

"Sister, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Yaqub wí. "Wọ́n ní kí n wá mú ẹ̀rọ yẹn dọ́gba ni."

"Ṣé mo wá wúwo débi tí màá tẹ irin?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Èèpo ẹ̀pà ló ń já bọ́ sí i."

Ẹ̀rín pa á. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òṣùpá ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Léètì ni ẹ̀rọ náà, èyí tó máa ń yí irin bírípó kí ọ̀bẹ rẹ̀ lè fá a. Bàbá Candido, bàbá Màríà, fi ṣiṣẹ́ jẹun fún ogójì ọdún ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ní Pópó Àgùdà, kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ sí Yaqub, ọmọ Olówógbowó, tọ́nà, oníṣẹ́ léètì bíi tirẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ tí kò bá jókòó dọ́gba, orí kan irin tó bá fá á tóbi ju èkejì lọ. Yaqub á kúnlẹ̀, á máa ki páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Màríà á máa wo afẹ́fẹ́ kékeré tó ń rìn nínú omi lẹ́fẹ̀lì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ibi tó dọ́gba.

"Ó kù díẹ̀ lọ́tùn-ún."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dáa. Àmọ́ ibòmíràn lò ń wò."

"Ibi tó dáa ni mò ń wò, ayọ̀ mi."

Ní oṣù kejì, Yaqub gòkè lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá láti tọrọ Màríà. Ó ní Mùsùlùmí lòun, òun sì mọ̀ pé Àgùdà ni wọ́n.

"Ẹ̀sìn kọ́ ni mo bi ẹ́," ni Bàbá wí. "Iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó o bá gbé irin jáde nínú ẹ̀rọ mi, tí orí ẹ̀ méjèèjì dọ́gba, kó àwọn èèyàn ẹ wá."

Ó rò pé ohun tó rọrùn lòun bèèrè.

Yaqub á to ẹ̀rọ dọ́gba nírọ̀lẹ́, á fi í sílẹ̀ mọ́jú kó tó gé irin. Bó bá fi máa di àárọ̀, ó ti yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀dàlẹ̀. Ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ò ní fẹ́ Màríà láéláé.

Màríà ló rí i. "Yaqub, ilẹ̀kùn yìí ń tì nígbà Àjíǹde. Kò tì mọ́."

Yaqub gbé lẹ́fẹ̀lì sójú fèrèsé, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn. Ìhà kan náà ni gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí. Ó yọ kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ìka rẹ̀ wọ inú ibi tó sán lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ló ń rì.

Wọ́n jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó o tò ṣáà dọ́gba báyìí," ni Màríà wí. "Gé irin kan, gbé e lọ fún Bàbá. Kí wọ́n gbà fún wa ná."

"Tí mo bá fi ẹ̀tàn gbà ẹ́, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́ tí mo bá wá ní kí wọ́n jáde nílé?"

Màríà bú sẹ́kún. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì kórìíra òótọ́ náà.

Yaqub gé irin náà, ó gbé e gòkè. Bàbá fọwọ́ pa orí méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dọ́gba."

"Títí di ọ̀la ni ẹ̀rọ á fi dọ́gba, Bàbá. Ilé ń rì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde níbí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàbá. "Bàbá ńlá mi ló kọ́ ilé yìí nígbà tó ti Brazil dé. Mo fẹ́ fún ẹ lọ́mọ, o fẹ́ lé mi kúrò nílé. Jáde. Má padà wá mọ́."

Ṣùgbọ́n kò dá irin náà padà.

Láràárọ̀, ó ń gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, á tẹ́tí. Irin á yí lọ, á kọlu ògiri. Lọ́jọ́ kìíní, ó yí jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń sáré. Tọ́nà ni Bàbá. Ojú rẹ̀ ló fọ́, etí rẹ̀ ò di. Ó pe Màríà, ó ní kó di ẹrù.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí ní Ìkòròdú, ẹ̀rọ ò sì lè gbà níbẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Bàbá ní kí wọ́n gbé àga fún òun, ó jókòó títí wọ́n fi parí. Ohùn tó gbọ́ kẹ́yìn lára ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn. Oṣù náà ò tíì parí tí ilé wó, tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Bàbá ránṣẹ́ sí Yaqub. Nígbà tó wọlé, arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé irin sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Irin ò yí.

"Ó dúró," ni Bàbá wí. "Ilé onílé ló wá dúró sí." Ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó yá, ó wá ọwọ́ Yaqub kàn, ó fi lé ọwọ́ Màríà. "Kó àwọn èèyàn ẹ wá. Àmọ́ mi ò ní pálọ̀ tí màá fi gbà wọ́n, mi ò ní àga."

"A máa jókòó sílẹ̀, Bàbá," ni Yaqub wí.