Síkúrù Tó Já Bọ́ Lọ́jọ́ Làálì

"Irùngbọ̀n yẹn kò ní wọlé."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ummu-Kulthum bá mi sọ nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti ń to sátẹ́láìtì, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Malete. Eruku kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà, irun kò gbọ́dọ̀ já síbẹ̀. Ó na àwọ̀n kékeré kan sí mi.

"Sunnah ni irùngbọ̀n mi," mo ní.

"Mo mọ̀. Fi àwọ̀n bo Sunnah rẹ, kí o wọlé."

Ọjọ́ náà gan-an ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mò ń kọ ètò tí sátẹ́láìtì náà yóò máa tẹ̀ lé. Òun ló ń fi ọwọ́ tò ó. Kò tóbi ju búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n láti òkè lọ́hùn-ún ni yóò ti máa wo oko tí omi bá bò. A ti rí àyè fún un lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lókè òkun. Bí a bá pẹ́, ẹlòmíràn ló ni àyè náà.

Bàbá rẹ̀, Àáfà Abdulganiyu, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nígboro Ìlọrin, kọ̀ mí fún ìgbà pípẹ́. Àgbẹ̀ làwọn òbí mi lábúlé, kò sì mọ ìdílé wa. "Ẹni tó ń bá ìràwọ̀ du àyè," ó máa ń wí, "ṣé yóò ráyè gbọ́ ti aya?" Ummu-Kulthum bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ṣùgbọ́n Àáfà sọ àṣà ilé wọn fún mi: bí wọ́n bá ti lé làálì fún ìyàwó, kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́ títí wọn yóò fi so yìgì.

"Bó bá jáde, kò sí yìgì," ó sọ ọ́ lójú mi.

Ọjọ́bọ̀ ni làálì, Jímọ̀ ni yìgì. Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà ni ọkọ̀ yóò gbé sátẹ́láìtì lọ sí Àbújá lẹ́yìn ìrun Alásárì, kó lè bá bàálù lọ sókè òkun.

Láàárọ̀, mo gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mì í bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe mì í. Mo gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Mo ṣí i. Síkúrù kan tó di bátìrì mú ló ti tú. Bí mo ṣe fẹ́ dè é padà, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já sínú, n kò rí i mọ́. Bí irin yẹn bá lọ fara kan wáyà lókè, sátẹ́láìtì wa kú nìyẹn.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tó bá díjú ni mo máa ń fẹ́ tú, ṣùgbọ́n eléyìí dẹ́rù bà mí. Ìka Ummu-Kulthum nìkan ló tín-ínrín tó láti wọ abẹ́ bátìrì náà. Mo mú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀. Bí mo bá pè é, yóò wá. Bó bá wá, mo pàdánù rẹ̀.

Fóònù náà ló dún.

"Abdulmuiz, ẹ ti mì í tán?" Òun ni. Àbúrò rẹ̀, Sakinah, ló gbé fóònù sí i létí, torí ọ̀rá ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí làálì.

"Ó ku díẹ̀."

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n, olólùfẹ́ mi. Kí ló bàjẹ́?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo sọ ọ́.

"Mò ń bọ̀."

"Má wá. Jọ̀ọ́."

Àǹtí Lami, tó lé làálì fún un, ti gbọ́. "Níbo lò ń lọ? Làálì tí ò tíì mú! Bí ò bá dúdú dáadáa, wọ́n á ní ọkọ rẹ ò fẹ́ràn rẹ."

Ariwo àwọn obìnrin sọ. Ẹnìkan gba fóònù lọ́wọ́ Sakinah.

"Ìwọ lo pe ọmọ mi jáde?" Àáfà ni.

"Rárá, Àáfà. N kò pè é."

"Wọ́n ní òun nìkan ló lè ṣe é. Kí ló dé tí o kò pè é?"

"Ẹ ti ní bó bá jáde, kò sí yìgì."

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe wàhálà nǹkan yìí. O fẹ́ kó ṣòfò?"

"Kó ṣòfò, sà. Òun ni n kò fẹ́ pàdánù."

Ó pa fóònù.

Mo fi ẹ̀mú tín-ín-tìn-ìn wá síkúrù náà títí òógùn fi rin àwọ̀n irùngbọ̀n mi. Wọ́n kírun Àìlà tán, n kò tíì rí i. Mo gbọ́ ọkọ̀ níta. Mo rò pé ọkọ̀ Àbújá ti tètè dé.

Àáfà ló wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ummu-Kulthum sọ̀kalẹ̀. Ó ti fọ làálì dànù. Ọwọ́ rẹ̀ kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tíì. Kò kí mi. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó dojú sátẹ́láìtì kọ iná, ó ti ìka kan bọ abẹ́ bátìrì. Ìka náà dúró. Ó tún sún díẹ̀. Nígbà tó fà á jáde, síkúrù náà tẹ̀ lé e.

Ó kán gúlù sí i, ó dè é. A dúró kó gbẹ, a tún gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà mì í, mì í. Kò sí ohun tó dún.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tòótọ́ wá bà mí. Mo jáde lọ bá Àáfà lórí bẹ́ǹṣì níta, mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ béèrè bóyá yìgì ṣì wà lọ́la.

Ó dìde.

"Kí lo kúnlẹ̀ síbí ṣe?" ó ní. "Padà wọlé. Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ nìkan gbé e sínú àpótí."