Ọwọ́ Irin

"Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Marufat, má jù ú sílẹ̀ o!"

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló yí Marufat ká nídìí ààrò ìyá alágbàdo, lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé wọn ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹyin iná pupa ló wà láàárín ìka méjì tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó gbé e sókè bí ẹni gbé àgbálùmọ̀, kò sì fajú ro. Nígbà tí wọ́n kà dé àrún, ó rọra dá iná náà padà sínú ààrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò dùn ọ́?" Safurat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Èmi? Ṣé bíi tiyín ni tèmi ni?"

"Ọwọ́ Irin! Ọwọ́ Irin!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò sókè.

Ìyá alágbàdo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúrò nídìí iná mi, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ìwọ, wá. Jẹ́ kí n wo ọwọ́ yẹn."

Marufat fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Kò sí nǹkan, mà. Kò dùn mí rárá."

"Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni ìyá náà wí.

Ọdún 1988 ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Marufat nígbà náà. Kò mọ ìṣirò, kò lè sáré, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì àfi tíṣà tó ń pe ìwé orúkọ. Lọ́jọ́ kan ló ṣí ọmọrí ìkòkò gbígbóná láìfi àkísà dì í mú, Safurat rí i, ó sì ròyìn rẹ̀ káàkiri ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà ni Marufat ti di ẹni tí wọ́n ń wá wò. Orúkọ Ọwọ́ Irin yẹn dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ. Bí ìka rẹ̀ bá lé ròrò, á wé e, á dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ rò pé ìgboyà ni.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, kíláàsì ìránṣọ ni wọ́n wà. Ìyáàfin Oyèrónkẹ́, tíṣà wọn, ní kí oníkálukú ṣẹ́ etí aṣọ ìrọ̀rí. Marufat ń rán tirẹ̀, ó ń bá Safurat tàkúrọ̀sọ. Lójijì ni Safurat dá a dúró.

"Marufat! O ń rán ọwọ́ ara rẹ mọ́ aṣọ!"

Ó wolẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gba inú awọ ìka kékeré rẹ̀ kọjá, òwú sì ti tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ funfun náà tò tò. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọwọ́ Irin tún dé. Marufat fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Kò mọ̀ ọ́n rárá.

Bó ṣe délé, ó gba balùwẹ̀ lọ, ó bọ́ aṣọ. Lókè ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ ni ó ti rí i. Àmì kan tó funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ibi tí ẹnì kan ti fi àkísà nu àwọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ó fi èékánná ja ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ta á. Ó ja orí àmì náà. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó tún ja á títí ó fi bó, ó dà bí ẹni pé awọ ẹlòmíràn ni ó ń ja.

Ọkùnrin kan máa ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ọjà nígbà tí Marufat wà ní kékeré. Kò ní ìka. Ọ̀ọ́kán ni àwọn ọmọdé ti ń ju kọ́bọ̀ sí i, wọ́n á sì sá. Marufat náà ti jù ú, ó ti sá. Orúkọ àrùn ọkùnrin yẹn ló wá sí i lọ́kàn nínú balùwẹ̀, kò sì jẹ́ kó dé ẹnu rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ta ni yóò jókòó tì í ní kíláàsì? Ta ni yóò ra gàrí tí ìyá rẹ̀ ń yan? Wọ́n á lé e kúrò nílé. Òun náà á lọ jókòó lẹ́bàá ọ̀nà.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wọ súẹ́tà lọ sílé-ìwé, nínú oòrùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Títílọlá ni wọ́n ń pè é. Ó ń lọ káàkiri àwọn ilé-ìwé láti yẹ ara àwọn ọmọ wò. Ó to àwọn ọmọ sí ìlà lábẹ́ igi máńgòrò, ó mú òwú díẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ di ojú yín pinpin," ló wí. "Ibi tí òwú bá ti kàn yín, ẹ fi ìka tọ́ka sí i. Kò sí ohun tó máa dùn yín."

Marufat ká apá súẹ́tà rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kò jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ó di ojú, ṣùgbọ́n kò dì í tán. Láàárín irun ìpéǹpéjú ló ti ń yọjú wo òwú náà. Bí ó bá kan apá ọ̀tún, á tọ́ka. Bó bá kan ìka kékeré òsì, á tún tọ́ka.

Ẹ ò mọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó. Ojú rẹ̀ rí òwú lórí ìka rẹ̀, ìka náà kò sì sọ pé nǹkan kan bà lé òun. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ òkú ló so mọ́ ọn lára.

"Kí ló dé tí o wọ súẹ́tà nínú oòrùn yìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Òtútù ń mú mi, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìlà tó gùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó kàn! Ẹ gbọ́ o, ẹni tí ibì kan lára rẹ̀ bá kú tìpìrì, kó wá bá mi. Oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni."

Bí wọ́n ṣe ń padà sí kíláàsì, Safurat fà á lápá. "O yọjú. Mo rí ọ, ìpéǹpéjú rẹ ń gbọ̀n. Marufat, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ èmi àti ìwọ ti parí nìyẹn."

Safurat kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi kàn lé ròrò sí i lójú ni.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Marufat ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ń fi ajọ̀ jọ gbẹ̀rẹ́fu, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin tí wọ́n sì fún gbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Marufat fi ọwọ́ ọ̀tún rú gàrí nínú agbada irin, ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn obìnrin méjì dúró sí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣé òun ni wọ́n ń sọ? Ṣé Safurat ti sọ ọ́ ni? Láti ọjọ́ tó ti rí àmì yẹn, gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́, òun ló rò pé wọ́n ń sọ.

Òórùn kan gba imú rẹ̀.

"Ìyá mi, ta ló ń sun pọ̀nmọ́ nílé kejì? Òórùn rẹ̀ mà pọ̀ o."

Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè, ó fa imú. Ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Marufat! Ọwọ́ rẹ! Ọwọ́ rẹ wà lórí agbada!"

Marufat wolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ ló tẹ̀ mọ́ etí agbada gbígbóná, èéfín sì ń rú níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sun pọ̀nmọ́. Ó fa ọwọ́ náà kúrò, awọ rẹ̀ kù sára irin. Ó dúró, ó ń retí kó dùn ún. Kò dùn ún. Ìgbà náà ló tó ké. Kì í ṣe ìrora ló mú un ké bẹ́ẹ̀; àìsí ìrora ni.

Ìyá rẹ̀ ti ọwọ́ náà bọ inú omi. "Lá ìláhà! Kò dùn ọ́ ni? Marufat, dá mi lóhùn, kò dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, Ìyá mi." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àmì náà hàn. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn rìn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ náà sá.

Ìyá rẹ̀ wo àmì náà. Ó dìde, ó lọ bá a níbi ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ó tó ìgbà wo tí o ti ń dá nìkan ru èyí?"

"Mo rò pé ẹ máa lé mi."

"Kí n lé ọ lọ síbo? Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò níí parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n a jọ máa bẹ̀rù ni."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Títílọlá dá a mọ̀.

"Onísúẹ́tà."

"Mo yọjú lọ́jọ́ yẹn, mà."

"Mo fura. Ó yẹ kí n pè ọ́ padà, mi ò sì pè ọ́. Ẹ jókòó, Ìyá." Ó mú òwú. "Mo lè fi aṣọ dì ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o di ojú náà fúnra rẹ."

Marufat di ojú rẹ̀ pinpin. Òkùnkùn ṣú. Òwú kan apá ọ̀tún, ó ní, "Níbí." Ó kan ọrùn, ó ní, "Níbí." Lẹ́yìn náà kò mọ ohunkóhun lára mọ́. Ewúrẹ́ kan ké níta. Ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún. Ó ń dúró. Ojú ń yún un láti là.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti ṣe tán ni?"

"Rárá. Mo ti fi kàn ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Omi yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì la ojú. "Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O ṣeun," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òótọ́ tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀tẹ̀ ni lóòótọ́. Ó ní àwọn iṣan tín-ín-rín wà lábẹ́ awọ wa tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ ni yóò sì sọ fún wa pé iná rè é, abẹ́rẹ́ rè é. Àrùn yìí ló ń ba iṣan náà jẹ́. "Iná ò dẹ́kun àtimáa jó ọ, Marufat. Iṣẹ́ tó ń rán ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́."

Ìyá rẹ̀ fa Marufat mọ́ra. "Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ fi í pamọ́?"

"Rárá o, Ìyá. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa sùn. Yóò máa lo oògùn, kò sì ní kó àrùn náà ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìka kékeré yìí ti jó dé egungun. Ká ní ẹ tètè wá lọ́jọ́ tí mo wá sílé-ìwé ni, ìka yẹn ì bá wà."

Wọ́n gé orí ìka náà. Marufat padà sílé-ìwé láìsí súẹ́tà. Àwọn kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Safurat gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní, "Wọ́n jẹ́ kí àyè gbà wá."

Oṣooṣù ni òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó gbé nǹkan, á kọ́kọ́ wò ó. Kó tó wẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ló máa fi tọ́ omi wò. Ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó pariwo.

"Yéè! Ìyá mi!"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú iyẹ̀fun lọ́wọ́. "Kí ló tún dé?"

"Tanpẹ́pẹ́ ló gé mi jẹ!"

"Níbo?"

"Níbí! Orí àmì yẹn! Ìyá mi, ó dùn mí! Ó mà dùn mí o!"

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú pàǹtírí tí Marufat ń gbá. "Alhamdulillah! Tanpẹ́pẹ́, o ṣeun o! Ẹnu rẹ kò ní kan!" Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kejì sì rò pé orí wọn ti dàrú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí nǹkan dun òun. Ṣùgbọ́n ìrora ló ń sọ fún wa pé ewu dé. Bí ibì kan bá dùn yín, ẹ sọ fún àgbà. Bí ibì kan bá sì kọ̀ tí kò dùn yín mọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n má fi àtẹ́wọ́ tàn yín pé agbára ni. Marufat sọ tirẹ̀, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ìka tó pàdánù nígbà tó ń pa ẹ̀rù mọ́, kò hù padà.