Èèrí Inú Iná

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn, gbogbo wọn ló sì wà láàyè. Ẹ lè rí ọ̀kan nínú wọn ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́kọ́jọ́ àyàfi ọjọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí sípíkà kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi í. Kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Fọlábí kì í purọ́.

Ẹ̀rọ orin ló ń tún ṣe. Bí wáyà kan péré bá já nínú amplifáyà rẹ, wáyà kan péré ni yóò sọ fún ọ pé ó já. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó yẹ kó lọ di wòlíì. Ìyẹn kì í bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú jù ni kí wọ́n rẹ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi kọ́rẹ́ lọ́jọ́ tí Mercy gbé àpótí dúdú kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Mercy. Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ilé wọn.

"Bọ̀ọ̀dá Fọlábí, wọ́n ní tí èèyàn bá fi amplifáyà sí ara àpótí yìí, ohùn á mọ́ kedere. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Basit. Ó ní kí n gbé e lọ dán wò ná."

Under G ni Basit ti ń ta ẹ̀rọ orin. Fọlábí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́ láago lójú ẹsẹ̀.

"Basit, o tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Wòlíì! Kí ni mo tún ṣe?"

"Àpótí tó o gbé fún ọmọ yìí. Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sẹ́ iná ni. Ṣé iná tí wọ́n ń fún wa yìí mọ́ lójú tìẹ? Ẹ̀rọ ìlọta ń jẹ nínú ẹ̀, ẹni tó ń jó irin ń jẹ nínú ẹ̀, gbogbo pàǹtí wọn ló ń wọlé tọ̀ wá. Àpótí yẹn á sẹ́ ẹ kó tó dé inú amplifáyà."

"Inú amplifáyà ti ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn."

"Ṣáà dán an wò. Tó bá jẹ́ irọ́, wá gbá mi létí ní gbangba Under G."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá gbá ẹ."

Basit rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi gé. Mercy kò rẹ́rìn-ín.

"Orin wo lo fẹ́ gbọ́ tó gbọ́dọ̀ mọ́ tó báyìí?" ni Fọlábí bi í.

Mercy wolẹ̀. "Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Moyọ̀sọ́rẹ. Ó ti kú. Wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nígbà tó ń kọrin. Ojoojúmọ́ ni Mọ́mì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí orin yẹn bá tán, ó máa ń sọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ á máa kùn. A kì í gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ó fún un ní fúláàṣì tí orin náà wà nínú rẹ̀. Fọlábí fi í sí ara rédíò oníbátìrì, ó sì gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ó tutù, kò kánjú. Àtẹ́wọ́ ìjọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orin tán. Ó dákẹ́. Fọlábí dúró. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Mercy, kò sọ nǹkan kan."

"Níbí ni kò ti sọ̀rọ̀," ni Mercy wí. "Ẹ wá sílé."

*

Ọjọ́ Sátidé ló ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ. Owódé ni ilé wọn wà ní Ọ̀yọ́, ilé ilẹ̀ kan tí òórùn àgbàdo rírẹ ti wọnú ògiri rẹ̀. Ògì ni ìyá wọn, Ìyá Moyọ̀, ń ṣe tà. Ike ńláńlá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ funfun tó fi ń sẹ́ ògì wà lórí okùn, ó ń kán tó, tó, tó.

"Injiníà, káàbọ̀. Jókòó. Mercy, fún un lómi."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

Kò béèrè iye ọdún tó ti ṣiṣẹ́. Kò bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn jókòó síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Ibà ni," ló wí. "Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ló lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mò ń lọ àgbàdo níwájú ilé. Ó jáde wá, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ń ké. Mò ń wo ẹnu ẹ̀, mi ò gbọ́. Mo ní, 'Mò ń bọ̀.' Àgbàdo yẹn ò ju kóńgò méjì lọ tó kù. Mo ní kí n kúkú lọ̀ ọ́ tán."

Aṣọ orí okùn ń kán tó, tó.

"Ìgbà tí mo wọlé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Injiníà, ohun tó sọ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ń wá láyé."

Fọlábí gbé àpótí náà síwájú rẹ̀. "Mà, mi ò ní tàn yín jẹ. Àpótí yìí lè máà ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká dán an wò lọ́nà tó tọ́, kí ojú má baà tan etí jẹ."

Ó ní kí Mercy gé bébà mẹ́wàá, kó kọ "ògiri" sí márùn-ún, kó kọ "àpótí" sí márùn-ún, kó ká wọn, kó dà wọ́n sínú igbá. Bí ti ògiri bá jáde, Fọlábí yóò fi pulọ́ọ̀gì amplifáyà sí ara ògiri; bí ti àpótí bá jáde, yóò fi í sí ara àpótí, láìsọ̀rọ̀. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi gèlè di ojú ara rẹ̀; òun ni yóò máa sọ bóyá ohùn náà wà níbẹ̀. Ìparí orin nìkan ni wọn yóò máa gbọ́, kí ọjọ́ má baà lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti pa àdúgbò lẹ́nu mọ́. Ewúrẹ́ kan kò ké. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Mercy mú bébà. Ògiri.

Sípíkà kùn bí oyin inú ihò igi. Moyọ̀sọ́rẹ kọ ẹsẹ tó kẹ́yìn. Àtẹ́wọ́. Orin tán. Kíkùn náà kò tán. Fọlábí tẹ́tí. Ó sún mọ́ sípíkà. Nǹkan kan ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ó jìnnà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni. Kò lè mú ìkankan nínú rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ni Ìyá wí.

Mercy mú bébà. Àpótí.

Kíkùn náà lọ pátá. Ohùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Fọlábí fi gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí láàárín ẹsẹ sí ẹsẹ. Ó gbọ́ ọmọ ìkókó kan tó sín lẹ́yìn ìjọ. Orin tán. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú kànga ló tẹ̀ lé e.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ni Ìyá wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Ìyá mọ̀ ọ́n. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà Basit kò purọ́. Àpótí náà ń ṣiṣẹ́. Fọlábí jókòó, ó ń wo bébà tí Mercy kọ gbogbo rẹ̀ sí, inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó na ọwọ́, ó yọ fúláàṣì kúrò lára ẹ̀rọ. Kò sí orin kankan nínú ẹ̀rọ mọ́. Ó dá pulọ́ọ̀gì padà sí ara ògiri.

Kíkùn. Ohùn náà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mercy gbé igbá bébà sílẹ̀.

"Injiníà," ni Ìyá wí, kò tíì tú gèlè ojú rẹ̀, "ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sẹ́ ògì. Tí o bá sẹ́ ẹ dáadáa, ògì á funfun. Èèrí ni wàá kó dà sí ẹran. Àpótí yẹn mọ̀ ọ́n sẹ́. Ṣùgbọ́n inú èèrí lọmọ mi wà."

"Kí ni kí n ṣe, mà?"

"Nígbà tí mo bá fẹ́ kí ògì ki díẹ̀, aṣọ tí ojú ẹ̀ là ni mo máa ń lò. Ṣé ó ní aṣọ tí ojú ẹ̀ là nínú àpótí yẹn?"

Kò sí ẹni tó bi Fọlábí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú sikurudiráfà, ó tú ẹ̀yìn àpótí. Asẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń gbé e fún èkejì. Ó gé méjì kúrò, ó so wáyà wọn pọ̀, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó fi pulọ́ọ̀gì sí i.

Kíkùn náà rọlẹ̀ sí ìdajì. Wọ́n gbọ́ ọ.

"Màámi."

Ohùn tó kọrin ni. Ohùn kan náà, ó tutù, ṣùgbọ́n ó ti sunkún títí tó fi há.

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ó ti ṣú."

Oòrùn ń ràn gbàgà lójú fèrèsé.

"Màámi. Èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Fọlábí yíjú sí Ìyá. Ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni yóò rí. Ìyá ti tú gèlè. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ń wo sípíkà bí a ṣe ń wo àlejò tó wọ aṣọ ẹni.

"Kì í ṣe ọmọ mi."

"Mọ́mì!" Mercy dìde. "Ohùn Moyọ̀ nìyẹn! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ohùn ẹ̀ ni. Òun kọ́ ni." Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí èèyàn. "Moyọ̀ ò pè mí ní màámi rí. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, bí ìwọ náà ṣe ń pè mí ló ń pè mí. Ibà pàápàá ò yí i padà. Ọmọ ẹlòmíràn lèyí."

"Ta wá ni?"

Ohùn inú sípíkà ló dá a lóhùn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Fọlábí kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó na ọwọ́ sí pulọ́ọ̀gì. Ìyá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù, ògì ti gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀.

"Má pa á."

"Mà, ẹ ní kì í ṣe tiyín."

"Ó ń sunkún. Ìyá ẹ̀ wà níbì kan, kò gbọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí." Ó tú ọwọ́ Fọlábí sílẹ̀. "Ṣé nítorí pé kì í ṣe tèmi, kí n tì í mọ́ta? Kò tọ́, Injiníà. Kò tọ́ rárá."

Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Oòrùn wọlé. Ìgboro dá páropáro. Ohùn náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Kíkùn náà nìkan ló kù. Mercy kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yà lọ́nà fún èèyàn. Fọlábí bi í lẹ́yìn náà ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

*

Kí ó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà, Fọlábí wọ ilé kọ̀ọ̀kan tí transfọ́mà kan náà ń fún ní iná. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ̀rọ tiwọn ń kùn. Ó ń kùn. Ṣé wọ́n ń gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀? Rárá. Ṣé ọmọ kan kú nínú ilé yìí? Àwọn kan ní ká má rí i. Bàbá àgbà kan kàn wò ó, ó wọlé lọ, kò jáde mọ́.

Basit pè é lálẹ́. "Wòlíì, ṣé kí n wá gba ìgbátí mi?"

"Àpótí ẹ dára," ni Fọlábí wí. Ó pa fóònù.

Ìyá Moyọ̀ kò gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tún béèrè mọ́. Kò fi orin náà sí ẹ̀rọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú iná wá lọ́sàn-án, ó máa ń tan amplifáyà láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa sẹ́ ògì. Bí obìnrin kan tó ti sin ọmọ rí bá wá ra ògì, kì í jẹ́ kó tètè lọ.

"Ìyá, má bínú," á wí. "Kí ni ọmọ rẹ máa ń pè ọ́?"

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dáhùn. Wọn á gba ògì wọn, wọn á lọ. Mercy ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á dúró díẹ̀, á ní, "Màámi ni."

Ìyá Moyọ̀ á sún àga fún un. Àwọn méjèèjì á jókòó síbẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, wọn á máa gbọ́.