Owó Yíyan Ọ̀nà

Orí àkàbà ni ọmọbìnrin kan wà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ rí i. Wáyà búlúù kan wà láàárín eyín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà nínú ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì.

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbínú tó gbé wá. Ilé iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ ló ń fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ní íńtánẹ́ẹ̀tì; ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tí ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ yìí ló ti ń rà á. Ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dí, àfi kó san àfikún kí wọ́n tó jẹ́ kó yan èkejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, arẹwà. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ojú kòkòrò rẹ̀ pọ̀ jù! Mo ti sanwó ọ̀nà, ó tún ń gbowó kí n tó yà sọ́tùn-ún!"

Ọmọbìnrin náà ń ṣẹ́jú sí i, ó ń mi orí kíkankíkan, wáyà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Bàbá kan fẹ̀yìn rákò jáde lábẹ́ tábìlì, eruku bo irun rẹ̀. "Èmi ni ọ̀gá náà. Ọmọ mi lo sì ń pè ní arẹwà."

Ìfẹ́ wọ àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì lára láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bàbá fárígá. "Ẹni tó pè mí ní olójúkòkòrò ò lè fẹ́ ọmọ mi! Ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ mi fi ń yí ọ̀nà náà. Ṣé kí wọ́n máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

"Òótọ́ ni bàbá mi sọ," ọmọbìnrin náà wí fún olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà, olólùfẹ́ mi?"

"Dákẹ́ jàre, ẹlẹ́nu gbọọrọ. Bí kò bá sí ọwọ́ tó ṣe é ńkọ́?"

Ni ọmọbìnrin náà bá jókòó ti iṣẹ́, ó ṣètò ẹ̀rọ náà kó lè máa gbọ́ àṣẹ oníbàárà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, àwọn òṣìṣẹ́ ni bàbá tẹjú mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, dátà sì gba ọ̀nà kejì fìì! Ẹnikẹ́ni ò dìde lórí àga.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí. Mi ò lè gbowó iṣẹ́ tí ẹnì kankan ò ṣe."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹnu mi ti yá jù."

Bàbá kàn mi orí pé òun ti dárí jì í, ó padà sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú sókè. Ọmọbìnrin náà ti gun àkàbà, wáyà búlúù tún wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kíá ló yọ wáyà. "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni o!"

Ohùn kan dún lábẹ́ tábìlì: "Mo gbọ́ o! Mi ò gba àfikún lórí ìyẹn náà."