Ohun Tí Ẹ̀rọ Rántí

Ìyàwó àbúrò mi, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn atúmọ̀-èdè, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Pákó lásán ló wà láàárín tábìlì tirẹ̀ àti yàrá ọ̀gá wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí kò dé etí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kíákíá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọn ò ṣèèṣì sọ ọ́ ní Kíákíá. Bó bá ń fọ abọ́, ńṣe ni abọ́ máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Bó bá ń ṣe ìṣirò, á ti kọ ìdáhùn kí olùkọ́ tó parí ìbéèrè, bí ìdáhùn náà kì í tilẹ̀ tọ̀nà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò gba kíákíá rárá. Òfin ilẹ̀ òkèèrè kan ni, lórí ìwà tó yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun sì gbọ́dọ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ìwé, ó rìn títí ó fi dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ kò tí ì dúró.

"Ṣé ẹni tó kọ èyí kì í mí ni?" Ó gbá tábìlì. "Àǹtí! Àǹtí, ẹ gbà mí o! Kí là ń pe *probidad* lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Láti yàrá ni Àǹtí ti dáhùn. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Kíákíá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì ti kọ́ Sípáníìṣì, nítorí iṣẹ́ ìtumọ̀ òfin ni obìnrin náà ń ṣe. Bí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bá sí lára ìwé, ilé-ẹjọ́ kì í gbà á.

"Ta ló ń ṣe ìdánwò?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ náà ni wọ́n bi nígbà yẹn."

"Ẹ kàn sọ fún mi bóyá kí n pè é ní òótọ́ sísọ ni, àbí ọwọ́ mímọ́, àbí méjèèjì! Ọ̀rọ̀ kan péré!"

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé èmi ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ ni? Wọ́n ti gbà mí tipẹ́."

Kíákíá pòṣé, ó rọra pa á mọ́ ẹnu kó má baà dé yàrá. Ìdánwò yìí kì í ṣe eré. Ọ́fíìsì Àǹtí fẹ́ mú ọ̀dọ́ kan ṣoṣo láàárín àwọn tó ń jáde ilé-ìwé girama. Wọ́n á kọ́ ẹni náà níṣẹ́, wọ́n á sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Bí Kíákíá kò bá rí i gbà, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan fún un, torí ohun tó ń wọlé fún Àǹtí kò ju kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì sanwó ilé. Ilé ni oníkálukú ti máa ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ sí i, kì í ṣe orúkọ.

Ohun kan wà tí ọmọ náà kò mọ̀. Àǹtí gan-an ni wọ́n ní kó kọ ìtumọ̀ tí wọ́n máa fi díwọ̀n ti àwọn ọmọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀. "Ọ̀gá, ọmọ mi wà nínú wọn," ló wí. Ọ̀gá ní nọ́ńbà kò lójú, kò nímú, àti pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ òfin náà bíi tirẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ilé ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Bó ṣe parí rẹ̀, ó kó ìwé náà sínú báàgì, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí ìró. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn.

"Mo ń lọ bá télọ̀ jà," ni Àǹtí wí bó ṣe ń jáde. "Ó sọ aṣọ mi di ti ọmọ ọwọ́. Má fọ́ kọ̀ǹpútà mi kí n tó dé o."

Kíákíá tún jà fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́. Nígbà tó sú u pátápátá, ó gbé òfin náà sínú ẹ̀rọ tí àwọn atúmọ̀-èdè fi ń ṣiṣẹ́, tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀rọ yìí ní ìwà kan: gbólóhùn tí o bá ti túmọ̀ níbẹ̀ rí, kì í gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbólóhùn náà bá tún yọjú, á gbé ìtumọ̀ ti tẹ́lẹ̀ síwájú rẹ ní àwọ̀ ewé, bí ìyàwó ilé tó ń bu oúnjẹ fún àlejò. O kàn ní láti tẹ bọ́tìnnì kan pé o gbà.

Gbólóhùn gígùn burúkú yẹn wọlé. Àwọ̀ ewé yọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Kíákíá wí.

Ó lọ sórí èkejì. Àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta. Àwọ̀ ewé. Òfin náà látòkè délẹ̀ ti di Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, tí wọ́n gé gbólóhùn gígùn náà sí kéékèèké bí ẹni gé iṣu. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ń gé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ju Àǹtí lọ. Ó yé e lójú ẹsẹ̀ pé ìdáhùn ìdánwò gan-an ló wà níwájú rẹ̀.

Ó dìde. Ó lọ mu omi. Ó padà wá.

"Èmi kọ́ ni mo lọ wá a," ló sọ fún kọ̀ǹpútà náà. "Mi ò ṣí báàgì ẹnikẹ́ni. Òun ló wá bá mi." Kọ̀ǹpútà náà kò jiyàn. Kíákíá tẹ bọ́tìnnì, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún kó má baà jọra jù. Kò tilẹ̀ fi ojú kan èdè Sípáníìṣì náà mọ́. Kí Àǹtí tó ti ìjà télọ̀ dé, Kíákíá ti ń kọrin nílé ìdáná.

"O ti parí ẹ̀?" ni Àǹtí bi í.

"Ó ti parí, mà."

"Ìwọ àti kíákíá yìí," ni Àǹtí wí, ó sì mi orí.

Nígbà tí ọ́fíìsì ránṣẹ́ pè é, Kíákíá wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù. Ọmọ atúnbàtàṣe kan, tóun náà ṣe ìdánwò ọ̀hún, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ èékánná. Kíákíá kí i bí ọlọ́rọ̀ ṣe ń kí aládùúgbò, ó sì gun àkàsọ̀ lọ sókè.

Kò rí ẹ̀rín kankan nínú yàrá ọ̀gá. Ọ̀gá wà nídìí tábìlì, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ láìdúró. Bàbá arúgbó kan tó ń yẹ ìwé ìdánwò wò jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́mà, torí ó lè bá ènìyàn ṣọ̀tá lọ́dún méjì nítorí kọ́mà kan. Àǹtí ní tirẹ̀ kò jókòó. Ẹ̀yìn àga ló dúró sí, ó di í mú.

"Ṣé ìwọ ni nọ́ńbà keje?" ni Bàbá Kọ́mà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jọ̀ọ́, ka ibi tí òfin ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn fún mi. Nínú èyí tó o kọ."

Kíákíá kà á: òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"Kò tán!" Bàbá Kọ́mà na ìwé Sípáníìṣì náà sókè. "Òfin ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀. Ó tún ní aya rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló parí ìlà méjèèjì. Ojú fo ìlà kan. Ó máa ń ṣe àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù kò fò ó. Ẹni méjì péré ló fò ó: ìwọ, àti obìnrin tó dúró sẹ́yìn àga yẹn. Ìyá fò ó, ọmọ fò ó! Ṣé àrùn ìdílé ni?"

"Mo ti sọ fún yín pé mi ò fún un," ni Àǹtí wí.

"Ta ló wá fún un? Ẹyẹ?"

Ọ̀gá gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ìyá wa, ẹ mọ ohun tí àwọn tó fún yín ní òǹtẹ̀ máa ṣe bí wọ́n bá gbọ́. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ọmọ, báwo ló ṣe jẹ́?"

Kíákíá wo Àǹtí. Àǹtí kò ṣẹ́jú sí i, kò sì bẹ̀ ẹ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu ọmọ náà, ó ti sè é jinná: òun náà ṣèèṣì fò ó ni, ènìyàn méjì lè ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó lè já a. Ṣùgbọ́n kò ní gba Àǹtí là. Bàbá yìí kò ní gbà á gbọ́ láé, Àǹtí ni ẹ̀tẹ́ náà sì máa kù sí lọ́rùn.

"Ẹ̀rọ ló gbé e jáde," ló wí. "Ẹ̀rọ Àǹtí nílé. Mo gbé òfin náà sí i, ó sì rántí gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé ti Àǹtí ni. Mo mú un. Àǹtí ò mọ nǹkan kan."

Bàbá Kọ́mà ju ìwé sílẹ̀. "Ẹ̀rọ! Mo sọ fún yín nínú ọ́fíìsì yìí, mo sọ ọ́ títí ẹnu mi bó! Ẹ̀rọ tí kò mọ ohun tó yẹ kó gbàgbé!"

"Tèmi náà wà níbẹ̀," ni Àǹtí wí. "Mo ti báàgì, mi ò ti ẹ̀rọ. Nǹkan tí mò ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́, mo gbàgbé ẹ̀." Ó yíjú sí Kíákíá, ìbínú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Bóo bá tilẹ̀ ka Sípáníìṣì náà lẹ́ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀kan! Ò bá rí i pé mo fo ìlà kan, ò bá sì wá sọ fún mi. Olè náà gan-an, o ò fara balẹ̀ jà á!"

Nígbà yẹn ni Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò kàn fẹ́ wàhálà ni. "Ó ti tó báyìí. Ọmọ náà ti jẹ́wọ́, ọmọ wa sì ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìwé mìíràn, kó tún un ṣe, ká fi ọ̀rọ̀ yìí sí àárín ara wa. Ta ló máa gbọ́?"

Kàyéfì ni pé Bàbá Kọ́mà náà kò ta kò ó. Ó ń wo òrùlé.

Àǹtí gbé báàgì rẹ̀. "Ọ̀gá, àgbà tí kì í jẹ́ kí orí ọmọ wọ́ kọ́ ló ń bá ọmọ gbé ẹrù olè. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ fẹ́ dá yìí. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sí i, mi ò sì ní jókòó sí i." Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kíákíá wo ilẹ̀kùn náà, inú bí i débi pé omijé lé sí i lójú. Àǹtí wo rèé gan-an? Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n ìyá tó máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Tirẹ̀ gbé báàgì! Ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn, ó kù kó na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló rántí ọmọ atúnbàtàṣe tó ń jẹ èékánná nísàlẹ̀, tó ti ka gbólóhùn gígùn yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò sì fo ìlà kankan. Kò sí Àǹtí kankan fún ìyẹn.

"Ta ló gba ipò kìíní nínú àwọn yòókù, sà?" ló béèrè.

"Ọmọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni. Kí ló dé?"

"Tirẹ̀ ni àyè yẹn. Ẹ fún un." "Bí mo bá gbà á báyìí, ohun tí òfin yẹn ní kí wọ́n má ṣe gan-an la jọ ń ṣe, èmi sì ni ẹbí tó ń bá Àǹtí gbà á."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Ohun tí o kò ṣiṣẹ́ fún lè fúnra rẹ̀ wọlé wá bá ọ, ìyẹn kò sọ ọ́ di tìrẹ. Bí o bá sì mú un, ìwọ nìkan kọ́ ni yóò san án. Ẹni tó fọkàn tán ọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Òótọ́ tó bá pẹ́ kó tó jáde máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù. Kíákíá pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì dá a padà fún un. Òǹtẹ̀ Àǹtí kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn. Àǹtí dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Kíákíá! Rò ó dọ̀la ná! Ṣé o gbọ́? Ilẹ̀kùn kò tí ì tì o!"

Kíákíá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ó kọjá ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó kí i dáadáa, ó sì bọ́ sí títì láìwẹ̀yìn.