Ẹ̀rí Morádéún

"Ta ló tún kù? Ta ni Olúwa tún ṣe oore fún?"

Arákùnrin Ṣínà tó ń darí ìsìn mi agogo ọwọ́ rẹ̀. Queen, ọ̀rẹ́ Morádéún, ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí tán pé Ọlọ́run yọ òun nínú ìdánwò ìṣirò, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Queen fi ìgúnpá gún Morádéún.

"Ìwọ ńkọ́? O ò dìde rí. Ṣé Ọlọ́run ò mọ ojúlé yín ní Ajégúnlẹ̀ ni?"

Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Morádéún wọ eegun. Ẹ̀rí ta ló tó èyí tó wà nínú òun!

Ọdún 1994 ni. Àwọn ológun ti fagi lé ìbò tí ará ìlú dì, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Reuben, bàbá Morádéún, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń já ẹrù lọ́kọ̀ òkun ní Àpápá. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, àwọn ṣọ́jà jálẹ̀kùn wọn, ṣùgbọ́n bàbá ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Akpos apẹja ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e sọdá sí Snake Island, tó fi í pamọ́ sílé ara rẹ̀. Ìyá Morádéún ti kìlọ̀: "Àṣàkẹ́ mi, inú ni kí ọ̀rọ̀ yìí máa gbé. Ọkàn ni ká fi dúpẹ́ ná."

Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ a máa dùn létí ọmọdé. Morádéún dìde.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Àwọn ṣọ́jà wá mú bàbá mi, òfo ni wọ́n bá. Ọlọ́run gbé bàbá mi sọdá omi, ó fi wọ́n sábẹ́ òrùlé Akpos apẹja ní Snake Island. Ojú ọ̀tá ò tó wọn!"

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Ìyá Morádéún nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Àga ẹ̀yìn ló ń wò, níbi tí àlejò kan tí wọ́n kọrin káàbọ̀ fún láàárọ̀ yẹn jókòó sí. Ọkùnrin náà ti dìde. Kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Gladys ìyàwó Akpos já wọlé, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ti kó wọn! Ọkọ mi àti Bàbá Morádéún! Ilé wa ni wọ́n wá tààrà, wọn ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà!"

Ìyá kò na Morádéún, kò sì bú u. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i, "Morádéún, o jí?" nìkan ló ń gbọ́. Oríkì ti gbẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹgba ì bá sàn jù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àlejò ọjọ́ Ìsinmi fi kanlẹ̀kùn, búrẹ́dì lábíyá. Ìyá wà ní yàrá; Morádéún ló wà ní pálọ̀.

"Ọmọ Jésù," ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o mọ ẹ̀rí í jẹ́. Bàbá ẹ ń kí ẹ o. Dárúkọ àwọn tó máa ń bá a ṣèpàdé níbí fún mi, á bá yín jẹun alẹ́ òní."

Morádéún mọ̀ wọ́n. Òun ló máa ń bu omi fún wọn mu. Ó rántí ojú bàbá rẹ̀, ó rántí gèlè tó wà lọ́wọ́ Gladys. Bí òun bá sọ̀rọ̀, orí ìyàwó mélòó ni gèlè yóò tún ti bọ́? Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rí mi ti tán."

"Ṣé o fẹ́ kí bàbá ẹ kú síbẹ̀ ni?"

Omijé dà, ẹnu kò là. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ.

Ìyá ṣí aṣọ ìkélé, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Àṣàkẹ́! Ọmọ a-gbọ́rọ̀-má-rò bí ìsàlẹ̀ omi! Ìwọ kọ́ lo dè wọ́n. Ìkà ló dè wọ́n, ọrùn ìkà sì ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkà bá ń rìn nílùú, a kì í fi ẹnu ara wa ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó tó ọdún mẹ́rin kí Reuben tó wálé, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Akpos kò bọ̀. Ní Sátidé, Morádéún a máa sọdá omi lọ bá Gladys tún àwọ̀n ṣe.

Nígbà tí ìjọ ní kí Reuben wá jẹ́rìí, Morádéún ló dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́ fún Akpos." Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti yé e dájú: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Gbogbo ọpẹ́ kọ́ là ń dá ní gbangba. Ìdákẹ́ tí a fi dáàbò bo ọmọnìkejì, àdúrà lòun náà.